Kí Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù Tó Dá Ẹlẹ́ṣin Lẹ́jọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa Ẹlẹ́ṣin Ọba, Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975, ni mo ń bá àwọn ọ̀dọ́ wa kà ní Sátidé níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹlẹ́ṣin yìí ni abọ́bakú, ẹni tó gbọ́dọ̀ kú tẹ̀ lé ọba tó wàjà, àmọ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tì í mọ́lé kó má bàa kú.

Àwọn kan á ní kí n to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn: egúngún, ìyálọ́jà, abọ́bakú, kí n kọ ìtumọ̀ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kì í ṣe é. Ọmọ tó bá ti kà á níbì kan pé ṣe ni abọ́bakú ń para rẹ̀ nítorí ọba ti dájọ́ kó tó ṣíwèé.

Ọ̀dọ̀ Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun àti Jane ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀, wọ́n ń jó táńgò, wọ́n ń múra òde. Amusa ọlọ́pàá wọlé, Mùsùlùmí ni, ó ní òun ò lè sọ̀rọ̀ ikú fún ẹni tó wọ aṣọ ikú. Mo bi wọ́n pé: kí ló kan Mùsùlùmí nínú ẹ̀kú? Ariwo sọ! Ọmọbìnrin kan ní ìyá ìyá òun, aláàdúrà pọ́nńbélé, kò jẹ́ fọwọ́ kan aṣọ egúngún láéláé. Ta ló tún ń wá ìtumọ̀ egúngún lẹ́yìn ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ ojúṣe Ẹlẹ́ṣin ló le láti yé wọn. Ti Pilkings ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe: ẹ̀mí ló fẹ́ gbà là, kí ló burú ńbẹ̀? N kì í jiyàn. Mo kàn ń mú wọn dé Ìran Kẹrin ni. Olúndé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìlú Ọba, ti dé láti wá sin bàbá rẹ̀. Jane sọ fún un nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó bá ọkọ̀ rẹ̀ bú gbàmù kí ewu má bàa kan àwọn ará etíkun. Inú Jane ò dùn sí i. Ó wú Olúndé lórí. Báwo ni ti ọ̀gá ọkọ̀ yẹn ṣe yàtọ̀ sí ti Ẹlẹ́ṣin?

Ọmọkùnrin kan ní ọ̀gá ọkọ̀ ló yàn án fúnra rẹ̀, wọ́n bí Ẹlẹ́ṣin sínú tirẹ̀ ni. Èsì tó le nìyẹn o! Mo ní kó padà sí Ìran Kìíní, kó wo bí Ẹlẹ́ṣin ṣe ń fọ́nnu lọ́jà, ohun tó gbà, àti ìyàwó tuntun tó tún ní dandan ni kí wọ́n fún òun. Ṣóyínká alára kìlọ̀ níwájú ìwé pé ká má ṣe sọ eré náà di ìjà àṣà òyìnbó àti tiwa. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ nìyẹn.

Ìran Karùn-ún ló kàn, níbi tí Ìyálọ́jà ti bá Ẹlẹ́ṣin nínú àtìmọ́lé. Ọmọkùnrin yẹn ló fẹ́ ka ti Ẹlẹ́ṣin, ó ní òun ṣì máa gbèjà rẹ̀.