Láàárín Oko àti Ìkòkò: Ọ̀rọ̀ Èlùbọ́ Ìbàdàn Lásìkò tí Ojú Ọjọ́ Ń Yí Padà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín o.

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, oko ni ọkàn wa máa ń sá lọ. Ìlú yìí sì ti ṣe gudugudu méje lórí ọ̀rọ̀ oko. Láti 1967 ni IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ti wà lọ́dọ̀ wa. Ní 1981 ni wọ́n tú agbọ́n kékeré kan tí wọ́n rí ní Paraguay sílẹ̀ kó máa pa kòkòrò tó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí oúnjẹ, ní 1995. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ ká wò lónìí wà láàárín oko àti ìkòkò: ibi tí a ti ń sá oúnjẹ, tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. A kì í náwó sí ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èlùbọ́, oúnjẹ Ìbàdàn gan-an. A ó bẹ iṣu, a ó gé e, a ó kó o sínú omi gbígbóná tí a kò jẹ́ kó hó, ó di ọjọ́ kejì ká tó sá a di gbodo. Nínú kílò 10 iṣu tútù, bíi kílò 7 ló jẹ́ omi. Oòrùn ló ń bá wa fa omi yẹn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń wo ojú ọ̀run: tí àrọ̀kúrò bá ti lọ, tí ọyẹ́ dé, ọkàn wọn balẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n 1 lórí Celsius gbóná sí i, omi tó lè gbà yóò fi bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Omi yẹn náà ló ń padà wá bí òjò ńlá. Kò sí ará Ìbàdàn tó máa gbàgbé omíyalé August 26, 2011, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tó sì wó afárá. Ṣùgbọ́n òjò tí kò gbé ilé ẹnikẹ́ni lọ náà ń ṣe ọṣẹ́. Ẹ mú gbodo tí òjò pa lọ́jọ́ kejì, ẹ fọwọ́ ṣẹ́ ẹ: dípò kó dún kó sì kán, ńṣe ló máa tẹ̀. Ó di ọjọ́ mélòó kan, ó ti bu. Àwọn kan á ha ara rẹ̀, wọ́n á tún un sá, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lára ohun tó ń mú oúnjẹ bu, àwọn kan máa ń tu májèlé tó ń jẹ́ aflatoxin sínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Híha kò mú un kúrò, iná ìdáná kò sì ràn án tán. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó ní in.

IITA ní Aflasafe, ohun tí wọ́n ń fọ́n sí oko kí aflatoxin má bàa pọ̀ nínú àgbàdo àti ẹ̀pà: kílò 10 sí hẹ́kítà kan, kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ó dára púpọ̀, àmọ́ kò lè gba gbodo tó tutù sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Pẹpẹ gíga tí a fi náílọ̀n tó mọ́ gaara bò, tí a dá ihò sí nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, àti lókè kí ooru gbé omi jáde. Òjò kò ní kàn án, ewúrẹ́ kò ní fẹnu kàn án, èéfín ọkọ̀ kò ní bà lé láfún bó ṣe ń bà lé e létí títì báyìí. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ náà wà: kòkòrò inú ẹ̀wà á kú síbẹ̀ láìsí oògùn. Oògùn àpọ̀jù ló mú kí ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà wa ní 2015.

Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí wa ká, Akínyẹlé, Ìdó, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, kọ́ pẹpẹ yìí sí abúlé tí wọ́n ti ń ṣe èlùbọ́. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń sá a, torí lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá ti lọ sílé ni òjò ìrọ̀lẹ́ sábà máa ń dé.