Àṣẹ Tí Hypervisor Kò Mọ̀, Kò Gbọ́dọ̀ Fò Ó

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: tí hypervisor, ìyẹn ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà àfarawé (VM) ró lórí kọ̀ǹpútà gidi, bá pàdé àṣẹ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò gbọ́dọ̀ fò ó, kò sì gbọ́dọ̀ parọ́ nípa rẹ̀.

Láti ìgbà tí Intel ti gbé VT-x, ìrànlọ́wọ́ inú sípíyù fún VM, jáde lọ́dún 2005, tí AMD sì gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 2006, sípíyù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ guest, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú VM. Àyàfi ìgbà tí guest bá fọwọ́ kan àdírẹ́sì tó gbà pé ẹ̀rọ kan wà, tí kò sì sí mẹ́mórì gidi nídìí rẹ̀. Sípíyù á dá iṣẹ́ dúró, á dá KVM, hypervisor inú Linux, lóhùn. KVM á ka báìtì àṣẹ náà, tí kì í ju 15 lọ lórí x86 (irú sípíyù Intel àti AMD), á sì ṣe é bí ẹni pé òun ni sípíyù.

Ẹ wo báìtì mẹ́rin yìí: C5 FE 6F 07. Àṣẹ AVX ni, ẹ̀yà àṣẹ x86 tó ń kó dátà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ká kó báìtì 32 níbi tí rdi ń tọ́ka sí, ká kó o sínú ymm0; register, ìyẹn àpò kékeré inú sípíyù, ni méjèèjì. Lórí kọ̀ǹpútà gidi, ó ń lọ geere. Nínú VM, tí àdírẹ́sì yẹn bá jẹ́ ti ẹ̀rọ àfarawé, ọwọ́ emulator, apá KVM tó ń ṣe àṣẹ bí ẹni pé òun ni sípíyù, ló máa bọ́ sí, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni emulator KVM fi wà láìmọ AVX. Ibẹ̀ ni QEMU, ètò tó ń lo KVM láti gbé VM ró, ti máa ń kọ “KVM internal error. Suberror: 1” síta. Ẹ ti rí i rí, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní: “Fò ó, jẹ́ kí guest máa bá tirẹ̀ lọ.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọṣẹ́, inú sì ń bí mi nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá ti rip, register tó ń tọ́ka sí àṣẹ tó kàn, kọjá àṣẹ yẹn, nǹkan àtijọ́ ló ṣì wà nínú ymm0. Guest á gbà pé dátà tó ti inú ẹ̀rọ wá nìyẹn, á ṣírò lé e lórí, á kọ ọ́ sí dísíìkì. Kí ẹnikẹ́ni tó fura, ẹ̀dà ìpamọ́ pàápàá ti bàjẹ́. VM tó kú, ẹ lè tún un gbé dìde. Fáìlì tó bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀ ńkọ́?

Àwọn kejì ní kí wọ́n máa pa VM ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn náà ò dáa, torí ètò lásán ní ring 3, ipò tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ nínú sípíyù, lè mọ̀ọ́mọ̀ wó gbogbo VM lulẹ̀. KVM ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀: tó bá jẹ́ ring 3, á fi #UD (àṣìṣe “àṣẹ yìí ò sí”) ránṣẹ́ sí guest, tó bá jẹ́ ring 0, ipò kernel, á jáde sí userspace, ìyẹn ọ̀dọ̀ ètò bíi QEMU. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ irọ́ wà nínú #UD yẹn: CPUID, àṣẹ tí guest fi ń béèrè ohun tí sípíyù lè ṣe, ti sọ fún guest pé AVX wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ KVM_CAP_EXIT_ON_EMULATION_FAILURE. Tẹ́ ẹ bá tan án, ìkùnà ring 3 náà á dé userspace, báìtì àṣẹ á sì bá a wá tí KVM bá rí wọn kà. Báìtì yẹn ni ẹ̀rí. Register nìkan ò tó, torí vCPU (sípíyù àfarawé) mìíràn lè ti pààrọ̀ àṣẹ náà kẹ́ ẹ tó padà lọ wò ó.

Ibẹ̀ ni arábìnrin kan ti nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí guest bá wà lábẹ́ SEV-ES, báìtì wo lẹ fẹ́ kà?”

Ìbéèrè yẹn ló gba àsìkò wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ SEV-ES, ààbò AMD tó ń ti mẹ́mórì àti register guest pa, hypervisor ò lè ka mẹ́mórì náà, kò sì rí register. Sípíyù á fi #VC, ìkìlọ̀ pé àṣẹ yìí nílò hypervisor, lé guest fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Kernel guest á túmọ̀ àṣẹ, á kọ kìkì ohun tó yẹ sínú GHCB, ojú ìwé mẹ́mórì tí guest àti hypervisor jọ ń lò, á wá ké sí hypervisor. TDX, irú ààbò yìí láti ọ̀dọ̀ Intel, ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú #VE. Ìkùnà ò tíì lọ o, inú guest ló kó lọ. Tí ẹni tó kọ kóòdù #VC bá fo àṣẹ tí kò mọ̀, ìbàjẹ́ kan náà ni, kò sì ní sí lọ́ọ̀gì kankan lọ́dọ̀ wa tó máa tú u fó.

Ti ARM, irú sípíyù mìíràn, rèé ní ṣókí. KVM níbẹ̀ kì í túmọ̀ àṣẹ, ohun tí sípíyù bá kọ sínú ESR, register tó ń sọ ìdí tí iṣẹ́ fi dúró, ló gbára lé. Tí LDP, àṣẹ tó ń kó dátà sínú register méjì lẹ́ẹ̀kan, bá kan àdírẹ́sì ẹ̀rọ, ISV (àmì inú ESR pé àlàyé àṣẹ wà níbẹ̀) á jẹ́ 0, KVM ò sì ní rí nǹkan kan dì mú. Ẹ tan KVM_CAP_ARM_NISV_TO_USER kí ọ̀rọ̀ náà lè dé userspace, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dírábà yín máa fi register kan ṣoṣo ka ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan.