Ẹ̀rín Ò Dùn ún Dá Rín

(Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì fún àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rín ń wo gbogbo àrùn sàn. Ìtàn Norman Cousins ni wọ́n máa ń gbé kiri, ọ̀pọ̀ yín ló sì mọ̀ ọ́n: oníwèé ìròyìn ará Amẹ́ríkà tí àìsàn oríkèé ara dá dùbúlẹ̀ ní 1964. Ó ní bí òun bá wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín, tí òun rẹ́rìn-ín dénú fún ìṣẹ́jú 10, òun á rí oorun wákàtí 2 sùn láìsí ìrora. Oorun ló sọ. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ oògùn rẹ̀ nù. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lo oògùn rẹ̀, kó sì tún rẹ́rìn-ín.

Bí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín gidi, iṣan ikùn á máa fún, ọkàn á yára lù, lẹ́yìn náà ara á wá dẹ̀. Ti ìrora ló wù mí jù. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford fi ohun tó tutù bíi yìnyín wé apá àwọn èèyàn, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe lè fara dà á tó. Àwọn kan wo eré àwàdà, àwọn kan wo ètò tí kò ní àwàdà nínú, wọ́n sì tún dán wọn wò. Àwọn tó rẹ́rìn-ín fara dà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Endorphin ni wọ́n rò pé ó fà á, ohun tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe láti pa ìrora.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Robert Provine, onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ẹ̀rín ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀rín tí èèyàn ń rín láàárín àwọn ẹlòmíì tó ìlọ́po 30 èyí tó ń rín nígbà tó bá dá wà. Ó tún fetí sí ẹ̀rín ní gbangba: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ẹ̀rín kì í ṣe àwàdà rárá. "Ó dàbọ̀ o." "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Irú rẹ̀ ni.

Ẹ lọ sídìí ọpọ́n ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Bàbá kan á kó ọmọ ayò sọ́wọ́, á máa jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dúró lórí èyí tó gbẹ̀yìn, á wo ojú ẹnì kejì: "Òpè, mo ti jẹ ẹ́!" Gbogbo òǹwòran á bú sẹ́rìn-ín, òpè náà á bá wọn rín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí ìwé, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Àwọn tó yí ọpọ́n ká ló ni ẹ̀rín náà. Bẹ́ẹ̀ ni alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tí èrò ń péjọ gbọ́ orin tó ń tú àṣírí oníwàkuwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bàbá Sàlá: ilé ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ni àdúgbò ń rọ́ lọ. Lónìí, kálukú fi nǹkan sétí nínú yàrá rẹ̀, ó ní òun ń wo àwàdà!

Àkókò ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ní Kashasha, ní Tanganyika (tó wà lára Tanzania báyìí), ní 1962, ẹ̀rín mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin títí wọ́n fi ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ìnira ọkàn ni wọ́n gbà pé ó fà á. Ẹ má fi ẹ̀rín nìkan mọ ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Bí ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò bá sì bá wa rín, ká dákẹ́.

Ni màmá kan bá nawọ́. "Ọmọ mi, o ṣeun. Bàbá wọn ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ wà ní Kánádà. Ta ni kí n wá bá rín?"

Mo pa ìwé mi dé. Mo ní, "Mà, ẹ ò nílò aláwàdà. Ẹni tí ẹ ó máa rí lójoojúmọ́ lẹ nílò. Ta ló ń gbé nítòsí màmá?" Obìnrin kan dìde: "Ẹ̀gbọ́n mi, òpópónà kejì sí yín ni mo wà, èmi náà ń dá gbé. Ẹ wá jẹ àmàlà ní Sátidé." Màmá ní òun kì í jẹ àmàlà, iyán lòun ń jẹ. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì sì rín jù wá lọ.

Alága wá ní kí àwọn tó ń dá gbé kọ àdúgbò wọn sílẹ̀, kí a lè so wọ́n mọ́ àwọn tó wà nítòsí. Ibẹ̀ la lo ìyókù àkókò wa sí.