Kí Ọmọ Mọ Omi Wẹ̀ Kó Tó Mọ Ọkọ̀ Wà: Ohun Tí Mo Bá Àwọn Òbí Sọ ní Àkúrẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí wa. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí kan sọ ní Alágbàká, níbí ní Àkúrẹ́, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá lẹ ń kà yìí, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo wá kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo kàn fi ìbéèrè táwọn èèyàn bi mí kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló lọ́mọ tó ń kàwé ní Ìlú Ọba, Kánádà tàbí Amẹ́ríkà báyìí, àwọn kan wà lọ́dọ̀ àǹtí wọn, àwọn kan wà ní bọ́dìn, tó bá wá dọjọ́ kan ọmọ á pè yín lórí WhatsApp, á ní "Mọ́mì, mo ti wọ ẹgbẹ́ rowing níléèwé wa o", ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ díje lójú omi, ẹ̀yin náà á ní ó kú oríire, ẹ ò sì mọ ohun tó wọ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbòkòdá ni wọ́n bí mi sí. Omi ni títì wa níbẹ̀, ọkọ̀ la fi ń lọ sọ́jà, mo ti ń di àjẹ̀ mú kí n tó mọ A B D. Ṣùgbọ́n Ìjàpò níbí ni mo ti tọ́ ọmọbìnrin mi, omi tó mọ̀ ò ju ti inú báàfù lọ. Nígbà tíléèwé ẹ̀ ní Ìlú Ọba fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ìbéèrè kan wà níbẹ̀, ṣé ọmọ yín mọ omi wẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Ìlàjẹ kẹ̀, kí ló máa ṣe é tí ò ní mọ omi wẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni kóòṣì pè mí. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́ láti dán wọn wò, gbogbo wọn bọ́ sómi, tèmi fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ mú, ó ń gbọ̀n, kò fi sílẹ̀, títí tísà obìnrin kan fi bọ́ sómi lọ bá a. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí ò sọ fún wọn ṣáájú, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni màmá òun kọ. Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ká ní wọn ò dán an wò ńkọ́, ká ní inú odò gan-an ni wọ́n ti mọ̀?

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó, kẹ́ ẹ tó béèrè mẹ́dà, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ omi. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá máa ń ní ẹni tó mọ odò wẹ̀ lodò ń gbé lọ, bàbá kan sì dìde sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, bàbá, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ tódò gbé lọ ńkọ́, ta ló ń ka tiwọn? Ní Ìlú Ọba, ohun tí British Rowing, ẹgbẹ́ tó ń darí eré yìí níbẹ̀, ń fẹ́ ni kí ọmọ lè wẹ̀ tó mítà 50 tòun taṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ lára, kó lè dúró lójú omi fún ìṣẹ́jú 2 láì fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kó sì lè gba abẹ́ omi kọjá ní mítà 5. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó lè ṣe é. Tí ò bá lè ṣe é, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á kọ́ ọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Ohun tó máa ya yín lẹ́nu ni pé àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà kì í sábà wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, torí kò ní jẹ́ kí apá wọn rìn dáadáa. Ẹni tó ń darí ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní cox, òun ló máa ń wọ tiẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù jù, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí kóòṣì wà nínú ẹ̀ ló yẹ kó máa tẹ̀ lé wọn, ẹ bi wọ́n bóyá ó máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ìje yẹn, kódà tó bá dojúdé, á ṣì léfòó, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ni pé kó má fi ọkọ̀ sílẹ̀, kó dì í mú, kó má ní òun fẹ́ wẹ̀ lọ sétí odò. Omi ibẹ̀ tutù, omi tútù máa ń já èémí gbà lójijì, ẹni tó mọ omi wẹ̀ dáadáa pàápàá lè máa mí gúlegúle títí á fi mu omi. Bàtà wà tí wọ́n dè mọ́ inú ọkọ̀, ibẹ̀ lọmọ ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, okùn kékeré kan sì wà ní gìgísẹ̀ ẹ̀ tó máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ wẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ bá dà. Ẹ ní kọ́mọ yín máa fọwọ́ yẹ okùn yẹn wò kó tó jókòó, tó bá ti já kó má wọ̀ ọ́. Tí ààrá bá sì sán, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kúrò lójú omi, kó tó ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn ààrá ìkẹyìn kí wọ́n tó padà.

Màmá àgbà kan bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń fẹ̀yìn lọ nínú fídíò tí mo fi hàn wọ́n. Òótọ́ ni, tiwa ní Ìgbòkòdá, iwájú là ń wò, àjẹ̀ ò sì so mọ́ ọkọ̀. Tiwọn, wọ́n so àjẹ̀ mọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ìjókòó ń yí síwá sẹ́yìn lórí kẹ̀kẹ́ kéékèèké, ọmọ á ká eékún ẹ̀, á wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ara ẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ gan-an ló ń wa ọkọ̀, ọwọ́ kàn ń parí ẹ̀ ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́nì kan tí wọ́n fi ń díje lágbàáyé lè má ju kílò 14 lọ, kò tó ìdá mẹ́ta àpò sìmẹ́ǹtì kan, ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó. Ẹ má fẹsẹ̀ tẹ inú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ wo wọn o, ó máa ń tètè fọ́, owó ẹ̀ sì pọ̀.

Mo fẹ́ fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jẹnotáìpù, torí àwa tá a wá láti ibí ló kàn jù, kóòṣì òyìnbó sì lè má rántí béèrè. Tọ́mọ yín bá jẹ́ SS, kó má wọ ọkọ̀ láì jẹ́ pé dókítà ẹ̀ fọwọ́ sí i, òtútù, omi tó gbẹ lára àti àṣekára, gbogbo ẹ̀ ló lè fa kíráìsì. AS kì í ṣe àìsàn, ẹni tó jẹ́ AS lè ṣeré débi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé e kọjá agbára ẹ̀ lójijì, nínú ooru, láì mumi, ó lè ṣubú lulẹ̀, ó ti pa àwọn eléré ìdárayá rí ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀, fi ṣòfin láti 2010 pé kí wọ́n máa mọ jẹnotáìpù àwọn eléré Division I, ìyẹn ìpele tó ga jù. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún kóòṣì, AS ni, kó máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa mumi, tó bá ní ẹsẹ̀ ń ro òun tàbí òun ò rí èémí, kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ kan wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bí ẹni ń wa ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní erg, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán wọn wò fún 2,000 mítà, ọmọ lè sùn gbalaja sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tàbí kó bì. Ibẹ̀ gan-an ni kí AS ti ṣọ́ra jù.

Àtẹ́lẹwọ́ á bó, bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìkọ́ mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lóko. Ọmọ mi gbé tiẹ̀ sójú fóònù, ihò pupa mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fẹ́ bú sẹ́kún. Kó má fà á ya, kó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó bò ó kó tó padà sódò, torí ìtọ̀ eku máa ń wà nínú odò, ó sì lè fa àìsàn gidi, tí ibà bá mú un lẹ́yìn tó bọ́ sómi kó sọ fún dókítà pé odò lòun ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ nílé níbí, àtọ̀sí ajá tún wà nínú àwọn odò wa, ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ọsibítù ni, oògùn ẹ̀ wà.

Oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó jẹun. Wọ́n á ti wà lójú omi kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ebi á máa pa á bí ẹni tó ń roko. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni pé àwọn kan máa ń febi pa ara wọn kí wọ́n lè fúyẹ́, pàápàá àwọn tó ń ṣe cox. Tí nǹkan oṣù ọmọbìnrin bá dáwọ́ dúró, ẹ má sọ pé eré ló fà á kẹ́ ẹ dákẹ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, tẹ́nì kan ò bá wá, àwọn méje tó kù àti cox ò lè lọ bó ṣe yẹ. Ìdíje sì máa ń bọ́ sí Sátidé àti Sọ́ńdè. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Sọ́ńdè ṣe pàtàkì fún yín, tàbí pé ẹ máa ní kó wálé fún ìgbéyàwó, ẹ sọ fún kóòṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la.

Ẹnì kan ní eré òyìnbó ni, kí ló kàn wá. Lóòótọ́, Oxford àti Cambridge ti ń bá ara wọn díje láti 1829, ṣùgbọ́n Chierika Ukogu wa ọkọ̀ fún Nàìjíríà ní Olympics Rio ní 2016, Esther Toko náà sì lọ sí ti Tokyo. Obìnrin làwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ 1976 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin láàyè nínú eré yìí ní Olympics. Ní ti skọ́láṣíìpù Amẹ́ríkà, ti obìnrin wà lábẹ́ NCAA láti 1997, ti ọkùnrin ò sí níbẹ̀, nítorí náà ọ̀nà àwọn ọmọbìnrin ló là jù. Ẹ má torí ẹ̀ ti ọmọ tí ò fẹ́ o.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tọ́mọ ẹ̀ ń lọ sí Kánádà ní September: níbo lọmọ ti lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí? Mo ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà láwọn òtẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ sá wò ó pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn nínú omi wà níbẹ̀, pé ẹ rí ìsàlẹ̀ omi náà kedere, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í, kẹ́ ẹ má tẹ fóònù. Àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ti forúkọ sílẹ̀, àti ìyá yẹn fúnra ẹ̀.