Kút, 1916: Ogun Tí Ebi Jà

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹ wo máàpù yìí dáadáa. Odò Tígírísì nìyẹn, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí. Ìlú tí odò náà yí ká lọ́nà mẹ́ta yẹn ni Kút. Ẹni tó bá ti dí ọ̀nà kẹrin, ó ti há àwọn ará inú rẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Lọ́dún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Ọ̀gágun Charles Townshend kó àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ará Íńdíà ló pọ̀ jù nínú wọn, ó dorí kọ Bágídádì. Wọ́n ń ṣẹ́gun lọ ni. Àmọ́ ojú omi ni oúnjẹ àti ọta ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ ò sì tó. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti pàdánù ogun yìí. Àwọn Ọ́tómánì, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ìjọba Tọ́kì ìgbà náà, dá wọn dúró ní Ctesiphon, lẹ́bàá Bágídádì, lóṣù Kọkànlá. Àwọn ọmọ ogun Townshend sá padà sí Kút, àwọn Ọ́tómánì sì ká wọn mọ́bẹ̀ lóṣù Kejìlá.

Ebi dé. Wọ́n ń pa ẹṣin jẹ. Ọ̀pọ̀ ará Íńdíà ò fẹnu kàn án nítorí ẹ̀sìn wọn. Bàálù ń ju àpò oúnjẹ sílẹ̀ látòkè, àwọn kan sì ń já sínú odò. Àwọn ọmọ ogun tó ń bọ̀ wá gbà wọ́n sílẹ̀ jà títí. Nǹkan bí 23,000 ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ nínú wọn, síbẹ̀ wọn ò débẹ̀.

Ibi tó ká mi lára jù rèé. Lálẹ́ ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin, 1916, ọkọ̀ ojú omi kan, Julnar, gbé oúnjẹ tó tó 270 tọ́ọ̀nù, ó forí lé Kút. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló wà nínú rẹ̀. Firman ni ọ̀gá ọkọ̀. Cowley, tó ti ń wa ọkọ̀ lórí Tígírísì láti ọjọ́ pípẹ́, ló ń júwe ọ̀nà. Àwọn Ọ́tómánì ti na okùn irin dábùú odò ní Magasis. Ọkọ̀ há sí i, ìbọn sì dà bo wọ́n. Firman kú, wọ́n pa Cowley náà, oúnjẹ sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ fi owó lọ Khalil Pasha, ọ̀gágun àwọn Ọ́tómánì, títí dórí mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn, pé kó jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ 29, oṣù Kẹrin, bí 13,000 ọmọ ogun juwọ́ sílẹ̀.

Wọ́n fi Townshend sí ilé tó tura ní erékùṣù kan lẹ́bàá Istanbul. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fẹsẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí ìgbèkùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni kò sì délé mọ́.