Ìkànnì tàbí Àrọ Ìtajà: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ẹni Tó Ń Bọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin oníṣòwò. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ìbéèrè kan ló kó wa jọ lónìí, mo sì mọ̀ pé ó ń gba oorun lójú ọ̀pọ̀ yín: ṣé kí n ṣe ìkànnì fún òwò mi ni, àbí kí n ṣe sales funnel? Àwọn tó ń fi ìkànnì ṣiṣẹ́ jẹun á ní ìkànnì ni. Àwọn tó ń ta funnel á ní ayé ìkànnì ti lọ. Owó yín ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe funnel ní orúkọ tí a mọ̀. Àrọ ni, èyí tí a fi ń rọ epo sínú ìgò: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ há. Bẹ́ẹ̀ ni àrọ ìtajà ṣe rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan rí ìpolówó yín, ó tẹ̀ ẹ́, ó bọ́ sí ojúewé kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan ṣoṣo. Kò sí ìtàn ilé iṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ọjà mìíràn, kò sí ibi tí yóò yà sí. Bọ́tìnnì kan ló wà níwájú rẹ̀: kí ó tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó padà sẹ́yìn. Bí ó bá fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó fún un ní nǹkan kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì máa kọ̀wé sí i fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi dé ojúewé ìsanwó. Ibi tó ti yàtọ̀ sí àrọ epo ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gba ẹnu rẹ̀ wọlé kì í dé inú ìgò.

Ìkànnì ní tirẹ̀ jọ ilé. Àlejò lè gba ẹnu ọ̀nà èyíkéyìí wọlé, kí ó yẹ yàrá tó wù ú wò, kí ó jáde, kí ó tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, lẹ́yìn gbogbo èyí tí mo ti rí: ẹni tó ń wá yín ni ìkànnì wà fún. Ẹni tí kò wá yín, tí ẹ̀yin lẹ lọ dá a dúró lójú ọ̀nà, òun ni àrọ wà fún. Ẹ má tíì béèrè èwo ló dára jù. Ẹ béèrè ẹni tó ń bọ̀.

Àrọ kì í ṣe nǹkan tuntun, ó ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ lọ́jọ́ orí. Ọdún 1898 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, nígbà tí Elias St. Elmo Lewis, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà, là á kalẹ̀ pé olùtajà ní láti fa ojú ènìyàn mọ́ra, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, kí ó sì mú kí ọkàn rẹ̀ fà sí ọjà. Lẹ́yìn náà ló fi ìkẹrin kún un: kí ẹni náà ṣe ohun kan. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni àwọn oníṣòwò ń fi ṣe é láyé ìgbà náà. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ gé igun ìwé yìí, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa." Igun ìwé yẹn ni ojúewé tí a fi ń gba ímeèlì lónìí. Ìkànnì ni àbúrò. Ọdún 1991 ni Tim Berners-Lee, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e jáde fún aráyé láti CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà ní Switzerland, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda ìmọ̀ náà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ó yá, ta ló ń bọ̀? Ẹ wo agbẹjọ́rò, tàbí ẹni tó ń ya àwòrán ilé, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ńlá fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn. Ó ṣòro kí ẹnì kan rí ìpolówó agbẹjọ́rò lálẹ́ kí ó sì sanwó kí ilẹ̀ tó mọ́. Á kọ́kọ́ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè, á tẹ orúkọ sí Google, á ka nípa iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn, á lọ, á tún padà. Ilé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún oríṣi ọjà náà nílò ilé, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè to ọgọ́rùn-ún àrọ kí ó tún rójú mójú tó wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó kọ ìwé kan, tàbí tó fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ kan, tàbí tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìpàdé tó ní ọjọ́. Ohun kan ló ń tà, ìpinnu kan ló ń béèrè. Bí ó bá fi owó ìpolówó gbé oníbàárà wá sínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, ó ti fún un ní yàrá méje tó lè sọnù sí.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ṣe àrọ láìní ilé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo bá oníṣòwò kan ṣiṣẹ́ rí. Ìpolówó rẹ̀ ń pe ènìyàn, ọ̀rọ̀ ojúewé rẹ̀ já gaara, síbẹ̀ wọ́n ń dé ibi ìsanwó tí wọ́n ń pẹ̀yìn dà. A yí àwọ̀ bọ́tìnnì, a dín owó ọjà kù, kò yàtọ̀. Ìgbà tí a pe díẹ̀ nínú wọn lórí fóònù ni a tó gbọ́ òótọ́. Obìnrin kan ní, "Mo tẹ orúkọ yín sí Google, n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí." Ẹ ò rí i? Ẹni tí a dá dúró lójú ọ̀nà ti di ẹni tó ń wá wa, a kò sì sí nílé. Ojúewé mẹ́ta péré ni a ṣe: ẹni tí oníṣòwò náà jẹ́, ohun tó ń ṣe, àti bí a ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ tàbí gba owó padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko; oníbàárà náà fẹ́ mọ̀ pé ẹ ní ibi tí ẹ ń sùn.

Níbi ìṣirò, àrọ lágbára ju ilé lọ. Ká ní ènìyàn 1,000 tẹ ìpolówó yín, 200 fi ímeèlì sílẹ̀, 20 nínú wọn sì rà. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe òṣùwọ̀n fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pín 1,000 sí ọ̀nà 20, ó di 50: ẹnì kọ̀ọ̀kan tó rà ló ru owó ìpolówó ènìyàn 50 lórí. Bí èrè orí ọjà kan kò bá tó owó tí ẹ fi pe ènìyàn 50, ẹ ń pàdánù lórí gbogbo èyí tí ẹ ń tà, tí ẹ bá sì fi kún ìpolówó, àdánù náà ni ẹ ń fi kún. Ká wá ní ẹ tún àkọlé ojúewé àkọ́kọ́ kọ, tí 200 di 300, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn ṣì ń rà. Ó di 30, ẹrù orí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 33. Ẹ kò sì fi owó kankan kún ìpolówó. Ìkànnì kì í jẹ́ kí a tètè rí irú èyí kedere. Ẹ̀rọ Google ní láti rí ojúewé yín kí ó sì kà á, àwọn ẹlòmíràn ní láti tọ́ka sí i, oṣù sì lè gorí oṣù. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá dá owó ìpolówó dúró ni àrọ gbẹ. Ojúewé tó dáhùn ìbéèrè dáadáa lórí ìkànnì ṣì lè máa mú ènìyàn wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Mo ní mo máa padà sí ọ̀rọ̀ CERN. Nítorí ìyọ̀ǹda ọdún 1993 yẹn, kò sí ẹni tó ni ọ̀nà tí ìkànnì ń gbà. Àwọn irinṣẹ́ àrọ, bíi ClickFunnels tó jáde ní 2014, ní ẹni tó ni wọ́n: owó oṣooṣù ni ẹ ń san, ọjọ́ tí ẹ kò bá san án, àwọn ojúewé yín kò ní sí mọ́. Wọ́n rọrùn lò, n kò bá wọn jà. Ìkànnì náà sì lè jẹ́ ilé tí a yá gbé. Yahoo ra GeoCities ní 1999, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ ojúewé wọn sí lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tì í pa ní 2009. Nítorí náà, ohun méjì ni kí ó jẹ́ tiyín, èyíkéyìí tí ẹ bá yàn: orúkọ dóméènì, ìyẹn àdírẹ́sì tí ènìyàn ń tẹ̀ láti dé ọ̀dọ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ fi orúkọ ara yín gbà, tí ẹ ń tún san owó rẹ̀ lásìkò, àti àkójọ ímeèlì àwọn oníbàárà yín, tí ẹ ń gbà sórí kọ̀ǹpútà ara yín déédéé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi aago irọ́ sínú àrọ yín, èyí tó ń kà pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ènìyàn bá ṣí ojúewé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Oníbàárà máa ń rí i. Ẹ sì má fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbà pé kí ẹ kọ̀wé sí òun. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin GDPR, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni, ti lè fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè nígbà tí mo parí: "Ẹ̀gbọ́n, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó ṣe méjèèjì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?" Mo ní, àbúrò mi, kọ́kọ́ ra dóméènì. Bí ọjà rẹ bá jẹ́ ẹyọ kan, tí o sì mọ ibi tí àwọn tó nílò rẹ̀ wà, gbé àrọ rẹ sórí dóméènì yẹn, kí o fi ojúewé mẹ́ta yẹn tì í lẹ́yìn. Bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn máa ń wádìí kí wọ́n tó sanwó, ilé ni kí o kọ́kọ́ kọ́.

Ìyá kan wá ní òun ti ní ìkànnì láti ọjọ́ pípẹ́, báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó àkókò fún àrọ? Mo ní, Mà, ẹ wo ojúewé tí àwọn ènìyàn ń kà jù lórí ìkànnì yín. Bí wọ́n bá ń kà á tí ẹnikẹ́ni kò pè yín, tí kò sì kọ̀wé, ìdí ojúewé yẹn gan-an ni kí ẹ fi bọ́tìnnì kan sí, kí àrọ yín bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.