Ta Ló Wọ Ẹ̀wù Ayẹta fún Un?

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn òǹwòran ń retí bí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin bá wà nínú eré orí tẹlifíṣàn. N ò ní ti orí òfin bẹ̀rẹ̀, n ò sì ní ti orí ẹ̀sìn. Ojú fèrèsé kan ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, nínú eré Buffy the Vampire Slayer ní Amẹ́ríkà, Tara àti Willow, obìnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà wọn ni. Wọ́n wà nínú yàrá lókè. Ọkùnrin kan tó ń bá Buffy, akọni eré náà, ṣọ̀tá yìnbọn nísàlẹ̀ nínú ọgbà, ọta kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó bá Tara lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ẹ̀wù funfun tó wà lọ́rùn Willow. Ẹ̀wù yẹn ni Tara dárúkọ kẹ́yìn kó tó ṣubú.

Èyí tó wá ká àwọn òǹwòran lára jù ni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi Amber Benson, tó ṣe Tara, sáàárín àwọn òṣèré pàtàkì tí wọ́n ń fi hàn níbẹ̀rẹ̀ eré. Ó sì ti lé lọ́dún méjì tó ti ń bá wọn ṣe é. Ẹ ṣáà mọ àgbò iléyá: wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn, ilẹ̀ á mọ́, ọ̀bẹ á dé.

Ọdún mẹ́rìnlá kọjá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2016, ó kan Lexa nínú eré The 100. Olórí ogun ni, gbogbo ẹ̀yà ló ń wárí fún un. Òun àti Clarke, obìnrin tó fẹ́ràn, ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn papọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni Titus, olùdámọ̀ràn Lexa fúnra ẹ̀, ń yìnbọn sí Clarke. Lexa ṣílẹ̀kùn wọlé, ọta bà á níkùn. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ló jáde, torí irú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn olórí wọn ní nìyẹn. Akọni tí ogun ò rí pa, ìbọn tí wọn ò yìn sí i ló pa á.

Inú bí àwọn èèyàn gan-an. Wọ́n ti rí òṣèré tó ṣe Lexa níbi tí wọ́n ti ń ya apá ìkẹyìn ní Vancouver, ní Kánádà, ọkàn wọn ti balẹ̀ pé kò ní kú. Wọ́n dá owó tó lé ní 100,000 dọ́là fún The Trevor Project, àwọn tó ń dáàbò bo àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn kí wọ́n má baà para wọn. Kó tó pé oṣù kan, Jason Rothenberg, tó jẹ́ ọ̀gá eré náà, kọ̀wé tọrọ àforíjì. Àwọn kan gbèjà ẹ̀: òṣèré náà ti gba iṣẹ́ síbòmíì, gbogbo èèyàn ló sì ń kú nínú eré yẹn. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ pé, bíi ti Tara, ìgbà tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn ni irú ọta kan náà tún wá bá wọn?

Lọ́dún yẹn kan náà, nínú eré Wynonna Earp, wọ́n yìnbọn lu Nicole, olólùfẹ́ Waverly. Ọkàn àwọn òǹwòran fò sókè. Ìgbà tí wọ́n tú aṣọ ẹ̀ wò, ẹ̀wù ayẹta wà lábẹ́ ẹ̀! Ọlọ́pàá ṣáà ni; kí ló tún yẹ kó wọ̀? Ayẹta tiwa oògùn ni, tiwọn aṣọ ni, ṣùgbọ́n inú àwọn obìnrin tó ń wo eré náà dùn bí ẹni pé babaláwo ló so ó mọ́ wọn lára.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń wá gan-an, ẹ wo Gentleman Jack tí BBC gbé jáde ní 2019. Anne Lister, obìnrin tí eré náà dá lé lórí, gbáyé lóòótọ́, ní ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Shibden Hall ní Halifax, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú eré náà, ẹ ó rí i tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, tó ń bá ìdílé Rawson fa ọ̀rọ̀ èédú, tó ń fi ẹsẹ̀ kíákíá gun òkè. Ìfẹ́ òun àti Ann Walker, olólùfẹ́ ẹ̀, wà nínú gbogbo ẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Agbéraga ni, kò sì ka tálákà sí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Àwọn obìnrin sì ń rọ́ lọ wo ilé ẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kékeré kan, Ìfé, tí Pamela Adie gbé jáde: obìnrin méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e gbà. Ẹni tó bá ti wo fíìmù wa àtijọ́, níbi tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti máa ń jẹ́ ẹni tí ẹ̀mí òkùnkùn gùn, á mọ ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ rí obìnrin méjì tó kàn ń bára wọn tàkúrọ̀sọ.

Màmá kan tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ nawọ́: “Olùkọ́ wa, ṣé ẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n má kú rárá nínú eré ni?”

Mo ní rárá, mà. Anne Lister fúnra ẹ̀ kú. Ibà ló pa á ní Kutaisi, ní orílẹ̀-èdè Georgia, ní oṣù Kẹsàn-án 1840, ọmọ ọdún 49. Ann Walker ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀, kò sì sin ín síbẹ̀. Ó gbé òkú náà rin ìrìn ọ̀pọ̀ oṣù bọ̀ wálé; oṣù Kẹrin 1841 ni wọ́n tó sin ín ní Halifax. Eré náà dúró lẹ́yìn sáà kejì ní 2022, wọn ò tíì dé ibi ikú ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ikú yẹn, mà, màá jókòó wò ó tán.